Bí Ẹ Ṣe Lè Ta Sọ́fítíwià Yín fún Ará Òkè Òkun láti Èkìtì Láìkó sí Wàhálà Òfin

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀ nìyí: sọ́fítíwià ti parí, ojú ìwé títà ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹnì kan ní Jámánì tẹ bọ́tìnnì, ó sanwó. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, owó ti há, oníbàárà ń béèrè rìsíìtì tí ó fi owó orí hàn, ọ̀rẹ́ tí ó bá yín kọ díẹ̀ nínú kóòdù sì ń sọ pé òun náà ni ín. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí kò ṣeé dènà. Ohun tí ó ń fà á ni pé "báwo ni owó yóò ṣe wọlé?" ni àwọn ènìyàn máa ń kọ́kọ́ béèrè. Ìbéèrè tí ó yẹ kó ṣáájú ni "ta ni ó ń ta ọjà yìí lójú òfin?" Gbogbo ohun tó kù, orí ìdáhùn sí ìyẹn ni ó dúró lé.

Ẹni kan ṣoṣo, tàbí ẹni méjì sí mẹ́ta, tí wọ́n jókòó sí Adó, Ìkẹ́rẹ́, Ọ̀yẹ́ tàbí Ìjerò tí wọ́n kọ sọ́fítíwià fúnra wọn, ni a kọ èyí fún. Àpẹẹrẹ tí a ó máa lò ni sọ́fítíwià àkọsílẹ̀ oko adìyẹ: ó ń ka ẹyin, ó ń ṣírò oúnjẹ, a sì ń tà á ní 20 yúrò.

Ohun tí ó yẹ kó wà ní sẹpẹ́

- NIN yín àti nọ́ńbà owó orí yín.
- Ìwé ìforúkọsílẹ̀ CAC, bí ẹ bá ti gbà á. Bí ẹ kò bá tíì gbà á, Ìpele 3 ni ẹ ó ti mọ irú èyí tí ó yẹ.
- Àkáǹtì owó òkèèrè ní báǹkì, èyí tí àwọn ènìyàn ń pè ní dọ̀mù. Orúkọ orí rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá orúkọ tí ẹ fi ń tajà mu, lẹ́tà sí lẹ́tà.
- Àdírẹ́sì, ímeèlì àti nọ́ńbà fóònù tí ẹ kò bẹ̀rù kí gbogbo ayé rí. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí ilé rẹ̀ hàn, kí ó lọ gba àpótí lẹ́tà ní NIPOST.
- Fáìlì ìṣirò kan tí ẹ ó máa kọ títà kọ̀ọ̀kan sí.
- Owó lọ́yà fún wákàtí kan tàbí méjì. Ẹ má fi owó yẹn ra ìwé àdéhùn tuntun. Ẹ fi í ra àkókò lọ́yà láti ka èyí tí ẹ ti kọ.

Ìpele 1: Ẹ rí i dájú pé tiyín ni ohun tí ẹ fẹ́ tà

Lábẹ́ Òfin Ẹ̀tọ́ Àdàkọ Nàìjíríà ti 2022, ara iṣẹ́ ìwé kíkọ ni sọ́fítíwià wà. Ẹ̀tọ́ náà ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹ bá kọ kóòdù sílẹ̀, kò dúró de ìforúkọsílẹ̀ kankan. Nàìjíríà sì ti wà nínú àdéhùn Berne láti 1993, nítorí náà ẹ̀tọ́ yín dúró ní Jámánì àti Kánádà bí ó ṣe dúró ní Adó. Ìforúkọsílẹ̀ kọ́ ni wàhálà. Wàhálà ni ẹni tí ó ni í.

Ẹni tí ó kọ kóòdù ni ó ni kóòdù. Pé ẹ pè é kó wá bá yín ṣe é, tí ẹ sì sanwó fún un, kò gbé ẹ̀tọ́ náà fún yín, àyàfi bí ìwé bá sọ bẹ́ẹ̀. Ibí yìí ni ìjà ọ̀rẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í sì í bẹ̀rẹ̀ títí owó yóò fi wọlé.

1. Ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kan iṣẹ́ náà: ẹni tí ó kọ kóòdù, ẹni tí ó ya lógò, ẹni tí ó túmọ̀ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, ẹni tí ó ka ohùn sínú rẹ̀.
2. Kí olúkúlùkù fọwọ́ sí ìwé ìgbésílẹ̀ ẹ̀tọ́. Ohun mẹ́fà ni kó wà nínú rẹ̀: orúkọ ẹni tí ó ń gbé e sílẹ̀, orúkọ ẹni tí ó ń gbà á, iṣẹ́ tí ó ṣe gan-an, gbólóhùn pé ó gbé gbogbo ẹ̀tọ́ rẹ̀ lórí iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní gbogbo àgbáyé títí láé, iye tí ó gbà, àti déètì pẹ̀lú ìfọwọ́sí àti ẹlẹ́rìí.
3. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba owó oṣù níbòmíràn, ẹ ka ìwé ìgbanisíṣẹ́ yín kí ẹ tó ta ohunkóhun. Ilé ẹ̀kọ́ gíga àti báǹkì a máa ní ìlànà lórí ohun tí òṣìṣẹ́ bá ṣe, pàápàá bí ó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà wọn ni ó fi ṣe é.
4. Ẹ ṣe àkójọ gbogbo kóòdù àjèjì tí ẹ mú wọlé. Ní Python, àṣẹ `pip-licenses` yóò tò ó jáde. Ní JavaScript, `npx license-checker`. Ẹ fi fọ́ńtì, àwòrán àti ohùn kún un pẹ̀lú ọwọ́, nítorí àwọn àṣẹ yẹn kò rí wọn.

Ẹ wá wo láísẹ́ńsì orí ọ̀kọ̀ọ̀kan. MIT, BSD àti Apache 2.0 gbà yín láyè láti tà, bí ẹ bá fi àkọsílẹ̀ ẹ̀tọ́ wọn sínú ọjà. GPL kò ní kí ẹ má tà, ṣùgbọ́n bí kóòdù GPL bá wọnú sọ́fítíwià yín tí ẹ sì pín in, gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ jáde lábẹ́ GPL, ẹni tí ó rà á sì lè gba kóòdù ìpilẹ̀ kó sì pín in fún ẹlòmíràn lọ́fẹ̀ẹ́. AGPL le ju bẹ́ẹ̀ lọ: bí sọ́fítíwià bá wà lórí sáfà yín nìkan tí ènìyàn ń lò ó láti ọ̀nà jíjìn, ó kàn yín síbẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà: kóòdù tí kò ní láísẹ́ńsì kankan. Àwọn kan rò pé ohun tí ó wà ní gbangba lórí GitHub di ti gbogbo ayé. Òdìkejì ni: bí olówó rẹ̀ kò bá fún yín láyè, ẹ kò ní àyè.

*Àyẹ̀wò:* ẹ ṣí fódà kan. Ìwé ìgbésílẹ̀ mélòó ló wà níbẹ̀? Bí iye ìwé bá dín ní iye orúkọ tí ó wà nínú àkọsílẹ̀ yín, ẹ kò tíì kúrò ní Ìpele 1. Ẹ fi àkójọ kóòdù àjèjì sí fódà kan náà. A ó tún padà sí i ní Ìpele 7.

Ìpele 2: Orúkọ ọjà

Ìdajì wákàtí ni èyí yóò gbà. Ẹ wò ó bóyá ẹlòmíràn ti fi orúkọ náà ṣe àmì ìdánimọ̀ ọjà (trademark): ẹ wá a lórí TMview, ojú òpó àwárí tí ó jẹ́ ọ̀fẹ́, lẹ́yìn náà lórí ojú òpó USPTO, ọ́fíìsì tí ń forúkọ wọn sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn náà nínú App Store àti Google Play. Ìsọ̀rí ọjà ni wọ́n ń pè ní kíláàsì: kíláàsì 9 ni ti sọ́fítíwià tí a ń gbé sórí ẹ̀rọ, kíláàsì 42 ni ti èyí tí a ń lò láti orí sáfà. Ẹ wo èyí tí ìró rẹ̀ jọ tiyín pẹ̀lú, kì í ṣe èyí tí sípẹ́lì rẹ̀ bára mu nìkan. Ẹni tí ó bá ní àmì ìdánimọ̀ ní Yúróòpù lè kọ lẹ́tà sí ilé ìtajà áàpù, wọ́n sì lè yọ ọjà yín kúrò.

Bí orúkọ bá mọ́, ẹ lè forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì àmì ìdánimọ̀ ní Àbújá. Ọdún 7 ni ti àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ọdún 14 fún ìsọdọ̀tun kọ̀ọ̀kan. Ààbò yẹn kò kọjá ilẹ̀ Nàìjíríà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á fún yín bí ààbò àgbáyé.

*Àyẹ̀wò:* àwòrán ojú ìwé àwárí yín, pẹ̀lú déètì, wà nínú fódà.

Ìpele 3: Orúkọ okòwò ni tàbí kọ́ńpìnnì?

CAC ń forúkọ àwọn méjèèjì sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò dìgbà tí ẹ bá wọkọ̀ lọ Àbújá. Orúkọ okòwò rọrùn, owó rẹ̀ sì kéré, ṣùgbọ́n ẹ̀yin àti okòwò náà, ẹnì kan náà ni yín. Bí oníbàárà bá pè é lẹ́jọ́, mọ́tò yín àti ilẹ̀ yín wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Kọ́ńpìnnì, ìyẹn Ltd, ènìyàn ọ̀tọ̀ ni lójú òfin. Láti ìgbà tí CAMA 2020, òfin tó ń darí kọ́ńpìnnì ní Nàìjíríà, ti dé, ẹnì kan ṣoṣo lè dá a sílẹ̀, ìpín olówó tí ó kéré jù fún kọ́ńpìnnì aládàáni sì jẹ́ 100,000 náírà.

Ọ̀nà tí a fi ń yàn án: bí sọ́fítíwià bá lè ba nǹkan ẹlòmíràn jẹ́ (ìṣirò owó, ìlera, oúnjẹ ẹran), tàbí bí ẹ bá ju ẹnì kan lọ, ẹ gba Ltd. Bí eré kékeré ni tàbí ohun èlò àwòrán, orúkọ okòwò tó láti bẹ̀rẹ̀. Sọ́fítíwià oko adìyẹ wa yìí, Ltd ni yóò gbà, nítorí bí ìṣirò oúnjẹ bá ṣì, ẹran lè kú.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà: wọ́n á forúkọ Ltd sílẹ̀, wọ́n á wá fi àkáǹtì tara wọn gbowó. Ìyẹn ń ba odi tí ó wà láàárín yín àti kọ́ńpìnnì jẹ́, ó sì tún ń mú kí àwọn tí ń sanwó dá owó dúró nítorí orúkọ kò bára mu. Èkejì ni àkọsílẹ̀ ọdọọdún ní CAC. Àwọn méjèèjì ni ó ní in, gbígbàgbé rẹ̀ sì ní ìtanràn.

*Àyẹ̀wò:* orúkọ orí ìwé CAC, orí àkáǹtì báǹkì àti ìsàlẹ̀ ojú ìwé títà yín jẹ́ ọ̀kan náà. Bí ẹ bá yan Ltd, ìwé ìgbésílẹ̀ ti Ìpele 1 gbọ́dọ̀ gbé ẹ̀tọ́ fún kọ́ńpìnnì náà, títí kan ti ẹ̀yin fúnra yín.

Ìpele 4: Alágbàtà ni tàbí agbowó?

Ọ̀nà méjì ni owó fi ń wọlé, wọ́n sì jọra gan-an lójú ẹni tí kò mọ̀ wọ́n.

Agbowó ni ilé iṣẹ́ tí ó kàn ń gba owó káàdì fún yín. Stripe àti Paystack, agbowó ni wọ́n. Bí ẹ bá lo agbowó, ẹ̀yin ni olùtajà lójú òfin, owó orí tí ìlú oníbàárà ń gbà lórí ọjà sì di gbèsè yín.

Alágbàtà ni èyí tí àwọn oníṣòwò íntánẹ́ẹ̀tì ń pè ní merchant of record. Ẹ rò ó bí ẹni tí ẹ kó iṣu fún ní Ọjà Ọba ní Adó: ọwọ́ rẹ̀ ni aráàlú ti ń rà á, òun ni wọ́n ń bá nájà, òun náà ni wọ́n ń dá iṣu jíjẹrà padà fún. Orúkọ tirẹ̀ ni yóò wà lórí rìsíìtì. Yóò gba owó orí, yóò san án fún ìjọba ibẹ̀, yóò wá fi ìyókù ránṣẹ́ sí yín. Paddle, FastSpring àti Lemon Squeezy ń ṣe bẹ́ẹ̀. Gumroad náà di alágbàtà láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2025.

Kí ló dé tí ìyàtọ̀ yìí fi wúwo tó bẹ́ẹ̀? Láti 2015, Àjọ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù ti pàṣẹ pé ibi tí oníbàárà ń gbé ni a ti ń san owó orí ọjà tí a ń gbà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Fún olùtajà tí ó wà lóde Yúróòpù, kò sí iye tí ó kéré jù. Títà kan ṣoṣo fún ẹni tí kì í ṣe oníṣòwò ti tó láti jẹ gbèsè. Ìdá rẹ̀ sì ń yí láti ìlú dé ìlú: Lúsẹ́ḿbọ̀ọ̀gì 17%, Jámánì 19%, Họ́ńgárì 27%. Iye tí oníbàárà rí gbọ́dọ̀ ti ní owó orí nínú, nítorí náà 20 yúrò kan náà kò jẹ́ 20 yúrò fún yín: ní Jámánì, 3.19 jẹ́ ti ìjọba, 16.81 ni ó kù. Ní Họ́ńgárì, 4.25 lọ, 15.75 ni ó kù. Gẹ̀ẹ́sì ti yapa kúrò nínú Àjọ náà, ó ní tirẹ̀ lọ́tọ̀, 20%, kò sì ní iye tí ó kéré jù fún olùtajà òkèèrè. Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó ń ṣe tirẹ̀. Láti ìdájọ́ ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ibẹ̀ lórí ilé ìtajà Wayfair ní 2018, ìpínlẹ̀ lè bèèrè owó orí lọ́wọ́ ẹni tí kò ní ọ́fíìsì níbẹ̀ bí títà rẹ̀ bá kọjá iye kan. Ọ̀pọ̀ fi í sí 100,000 dọ́là lọ́dún, Texas fi tirẹ̀ sí 500,000.

Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ fi alágbàtà bẹ̀rẹ̀. Owó tí wọ́n ń gbà pọ̀ ju ti agbowó lọ: Paddle àti Lemon Squeezy ń kéde 5% pẹ̀lú 50 sẹ́ǹtì lórí títà kan. Lórí ọjà 20 dọ́là, 1.50 ni ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún ọjà olówó pọ́ọ́kú: lórí ọjà 3 dọ́là, 65 sẹ́ǹtì ni wọ́n máa mú, ó ju ìdá kan nínú márùn-ún lọ. Bí ọjà yín bá jẹ́ 3 dọ́là lóṣù, ẹ tà á ní ọdọọdún.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é:

1. Kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀, ẹ kọ̀wé béèrè ohun méjì lọ́wọ́ alágbàtà: ṣé ẹ ń gba olùtajà láti Nàìjíríà? Ọ̀nà wo ni ẹ ń gbà san owó fún un? Ẹ pa ìdáhùn wọn mọ́.
2. Ẹ parí ojú ìwé títà kí ẹ tó fi ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò. Wọ́n máa ń wá iye owó, àdéhùn lílò, ìlànà ìpamọ́ àṣírí àti ìlànà ìdáwópadà. Bí ọ̀kan bá ṣàìsí, wọ́n á kọ̀ yín.
3. Ẹ fi káàdì NIN tàbí ìwé ìrìnnà àti ìwé CAC ránṣẹ́, kí orúkọ bára mu.
4. Ní App Store àti Google Play, ẹ kéde pé oníṣòwò ni yín fún ilẹ̀ Yúróòpù. Láti ọjọ́ 17 oṣù kejì 2025 ni Apple ti ń yọ áàpù ẹni tí kò kéde kúrò ní ilé ìtajà Yúróòpù. Àdírẹ́sì àti fóònù yín yóò hàn. Ìdí nìyẹn tí a fi dárúkọ àpótí lẹ́tà níbẹ̀rẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣubú jù lọ nìyí, ẹ jọ̀wọ́ ẹ gbọ́: ẹ má fi àdírẹ́sì ìbátan yín ní London ṣí àkáǹtì bí ẹni pé ibẹ̀ ni ẹ ń gbé. Ẹ má fi VPN bo ibi tí ẹ wà. Ọjọ́ tí owó bá kéré, kò sẹ́ni tí yóò wò ó. Ọjọ́ tí ó bá pọ̀ ni wọn yóò béèrè ìwé iná mànàmáná, àkáǹtì á tì, owó á wà nínú rẹ̀. Nígbà yẹn, irọ́ ni ẹ pa nínú ìwé àdéhùn, kò sí ẹjọ́ tí ẹ lè rò.

Bí ẹ bá ní ìdí tí ẹ fi gbọ́dọ̀ lo agbowó, ẹ forúkọ sílẹ̀ fún ètò OSS tí ó wà fún olùtajà òde Yúróòpù, níbi tí a ti ń san owó orí ọjà gbogbo ìlú Àjọ náà pa pọ̀. Ìlú kan ṣoṣo ni ẹ ó yàn. Àwọn tí ń sọ Gẹ̀ẹ́sì a máa yan Áyálándì. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni ẹ ó máa jábọ̀, kí oṣù tí ó tẹ̀lé e tó parí. Fún títà kọ̀ọ̀kan, ẹ pa ẹ̀rí méjì tí kò tako ara wọn mọ́ nípa ibi tí oníbàárà wà, bí àdírẹ́sì káàdì àti IP, fún ọdún 10. Bí oníbàárà bá ní òun jẹ́ kọ́ńpìnnì, ẹ yẹ nọ́ńbà VAT rẹ̀ (nọ́ńbà owó orí ọjà) wò lórí VIES, ojú òpó àyẹ̀wò ti Yúróòpù, kí ẹ tó yọ owó orí kúrò. Èyí kò sì kan Gẹ̀ẹ́sì, ibẹ̀ ní ìforúkọsílẹ̀ tirẹ̀.

*Àyẹ̀wò:* ẹ ka rìsíìtì ìdánwò kan. Orúkọ ta ni ó wà níbi olùtajà? Bí ó bá jẹ́ tiyín, agbowó ni ẹ ń lò, ohunkóhun tí ìpolówó wọn ìbáà wí.

Ìpele 5: Fọ́ọ̀mù Amẹ́ríkà àti owó orí nílé

Ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà tí yóò sanwó fún yín yóò béèrè fọ́ọ̀mù kan. Ẹni tí ó ń fi orúkọ ara rẹ̀ tàbí orúkọ okòwò tà, W-8BEN ni tirẹ̀. Kọ́ńpìnnì, W-8BEN-E. Ọwọ́ ilé iṣẹ́ náà ni ẹ ó fi sí, kì í ṣe ọwọ́ IRS, àjọ owó orí Amẹ́ríkà. Níbi tí wọ́n ti ń béèrè àdéhùn owó orí láàárín ìlú méjì, ẹ fi í sílẹ̀ lófìfo, nítorí Nàìjíríà kò ní irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú Amẹ́ríkà. Àwọn kan ti kọ orúkọ ìlú mìíràn síbẹ̀ kí ìdá tí wọ́n ń yọ lè dín kù. Ìbúra ni ìfọwọ́sí tí ó wà nísàlẹ̀ fọ́ọ̀mù náà, ẹ má dán an wò. Fọ́ọ̀mù tí ẹ bá fọwọ́ sí ní 2026 yóò kú ní ọjọ́ tó kẹ́yìn 2029. Ẹ kọ ọ́ sórí kàlẹ́ńdà. Ilé iṣẹ́ míì a máa ka títà sọ́fítíwià sí owó ẹ̀tọ́ (royalty), wọ́n á sì yọ 30% lórí ti àwọn oníbàárà Amẹ́ríkà. Ẹ ka ìyẹn kí ẹ tó dá iye lé ọjà.

Nílé ńkọ́? Dọ́là tí ó wọlé láti òkèèrè, owó tí ń wọlé ni. Ẹni tí ó ń gbé Èkìtì tí ó ń fi orúkọ ara rẹ̀ tàbí orúkọ okòwò ṣiṣẹ́, EKIRS, àjọ owó orí Ìpínlẹ̀ Èkìtì, ní Adó ni ó ń jábọ̀ fún, kí ọjọ́ 31 oṣù kẹta tó kọjá, lórí owó ọdún tó ṣáájú. Kọ́ńpìnnì ń jábọ̀ fún ìjọba àpapọ̀. Lábẹ́ òfin owó orí tuntun tí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní 2026, 800,000 náírà àkọ́kọ́ kò ní owó orí, 2,200,000 tí ó tẹ̀lé e jẹ́ 15%. Nítorí náà ẹni tí èrè rẹ̀ jẹ́ 3,000,000 yóò san 330,000. Ìjábọ̀ pọn dandan, bí owó orí tilẹ̀ jẹ́ òdo.

*Àyẹ̀wò:* nínú fáìlì ìṣirò, títà kọ̀ọ̀kan ní déètì, ìlú oníbàárà, iye owó, owó orí tí a yọ, owó alágbàtà, àti iye náírà sí dọ́là lọ́jọ́ tí owó wọ báǹkì. Bí òpó kan bá ṣófo, ẹ kún un lónìí. Kò sí ẹni tí ń rántí iye dọ́là oṣù mẹ́sàn-án sẹ́yìn.

Ìpele 6: Ìwé àdéhùn àti ìdáwópadà

Láísẹ́ńsì lílò ni ẹ ń tà, kì í ṣe sọ́fítíwià fúnra rẹ̀. Kí gbólóhùn àkọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀. Ìyókù kò gbọdọ̀ ju ojú ewé méjì lọ: ẹ̀rọ mélòó ni ó lè gbé e sí, ìgbà wo ni ó ń parí, ṣé ó ń tún ara rẹ̀ san, kí ni kò gbọdọ̀ ṣe, iye tí ó pọ̀ jù tí ẹ lè san bí nǹkan bá bàjẹ́ (a máa ń fi í sí iye tí oníbàárà san ní oṣù 12 tó kọjá), àti òfin ìlú wo ni a ó tẹ̀lé.

Ẹ lè kọ òfin Nàìjíríà síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ará Yúróòpù tí ó ra ọjà fún ìlò ara rẹ̀ (aràlò ni a ó máa pè é) kì í pàdánù ààbò tí ìlú rẹ̀ fún un nítorí gbólóhùn yẹn. "A kò ṣèlérí ohunkóhun" ń dúró láàárín oníṣòwò sí oníṣòwò. Lójú aràlò ní Faransé, ọ̀rọ̀ lásán ni.

Ọjọ́ 14 ni aràlò ní Yúróòpù ní láti yí ọkàn padà láìsọ ìdí. Kí ẹ̀tọ́ yẹn tó kúrò lórí ohun tí a ń gbà láti íntánẹ́ẹ̀tì, ohun mẹ́ta gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀: kí ó gbà ní kedere pé kí a fún un lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ó jẹ́wọ́ pé ẹ̀tọ́ náà ti kúrò, kí ẹ sì fi ìjẹ́rìí rẹ̀ ránṣẹ́ nínú ímeèlì. Àpótí tí ẹ ti fi àmì sí tẹ́lẹ̀ kò kà. Bí ẹ kò bá tilẹ̀ sọ fún un pé ó ní ẹ̀tọ́ náà, ọjọ́ 14 yẹn lè gùn sí i pẹ̀lú oṣù 12. Ọ̀nà tí ó rọrùn jù ni kí ẹ fún gbogbo ayé ní ọjọ́ 14 láti gba owó wọn padà. Wàhálà tí ó ń mú kúrò ju owó tí ó ń ná yín lọ, ó sì ń dín àwọn tí ń ní kí báǹkì fa owó padà kù.

Ìkìlọ̀ kan lórí ìwé àdéhùn tí ẹ dà kọ: púpọ̀ nínú wọn ṣì ní ìjápọ̀ sí ojú òpó ìyanjú aáwọ̀ ODR ti Yúróòpù. Wọ́n ti pa ojú òpó yẹn tì ní ọjọ́ 20 oṣù keje 2025. Ẹ yọ ọ́.

*Àyẹ̀wò:* ẹ fún ẹni tí kò mọ kọ̀ǹpútà ní ìwé náà. Kó sọ fún yín, láìwo ẹ̀yìn, ọjọ́ mélòó ni òun ní àti ibo ni òun yóò kọ̀wé sí. Bí kò bá lè sọ ọ́, ẹ tún un kọ.

Ìpele 7: Àṣírí oníbàárà àti ààbò kóòdù

Òfin méjì ni yóò kàn yín: Òfin Ìdáàbòbò Dátà Nàìjíríà ti 2023, àti GDPR, òfin ìdáàbòbò dátà ti Yúróòpù, bí ẹ bá ń tà fún ará ibẹ̀. Àwọn méjèèjì fún yín ní wákàtí 72 láti fi tó aláṣẹ létí bí dátà bá jò tí ó sì lè pa ènìyàn lára. Ohun tí ó ń gba ènìyàn là ni kí ẹ má kó ohun tí ẹ kò nílò. Sọ́fítíwià oko adìyẹ kò nílò ọjọ́ ìbí àgbẹ̀.

Ẹ ya tábìlì òpó mẹ́rin: irú dátà, ìdí tí ẹ fi gbà á, sáfà tí ó wà àti ìlú rẹ̀, ọjọ́ tí ẹ ó pa á rẹ́. Inú tábìlì yìí ni ìlànà ìpamọ́ àṣírí yóò ti jáde, kì í ṣe láti ojú òpó ẹlòmíràn. Ìròyìn ìlò tí sọ́fítíwià ń fi ránṣẹ́ sí yín, ẹ pa á títí oníbàárà yóò fi tàn án fúnra rẹ̀. Nọ́ńbà káàdì kò gbọdọ̀ dé orí sáfà yín rárá. Bí títà sí Yúróòpù bá di iṣẹ́ ojoojúmọ́, abala 27 GDPR lè béèrè pé kí ẹ ní aṣojú níbẹ̀. Ìbéèrè lọ́yà nìyẹn.

Òfin ààbò sọ́fítíwià ti Yúróòpù, Cyber Resilience Act, yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní kíkún ní ọjọ́ 11 oṣù kejìlá 2027, ṣùgbọ́n ìjábọ̀ lórí ihò tí àwọn olè ti ń gbà wọlé bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án 2026. Àkójọ kóòdù àjèjì tí ẹ ṣe ní Ìpele 1 ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ẹ sọ ọ́ dọ̀tun nígbàkigbà tí ẹ bá gbé ẹ̀dà tuntun jáde, kí ẹ sì fi ímeèlì kan sí ojú ìwé fún ẹni tí ó bá rí ihò.

*Àyẹ̀wò:* ẹ ṣe bí oníbàárà, ẹ béèrè pé kí wọ́n pa dátà yín rẹ́. Ẹ ka iye ìṣẹ́jú tí ó gbà àti iye ibi tí orúkọ yín ṣì wà lẹ́yìn náà. Ẹ̀dà ìpamọ́ ni a máa ń gbàgbé.

Ìpele 8: Títà ìdánwò

Kí ẹ tó polówó, ẹ wo ìlú tí alágbàtà yín kì í tà fún. Ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà kò lè tà fún Ìráànì, Kúbà tàbí Kòríà Àríwá, ẹ má sì bá oníbàárà wá ọ̀nà ẹ̀bùrú gbà.

Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí ẹnì kan tí ẹ mọ̀ ní Yúróòpù ra ọjà náà pẹ̀lú káàdì rẹ̀ gan-an, kó sì béèrè owó rẹ̀ padà ní ọjọ́ kẹta. Kó fi àwòrán ránṣẹ́ sí yín ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan: iye tí ó rí kó tó sanwó àti iye tí káàdì rẹ̀ yọ (wọ́n gbọ́dọ̀ dọ́gba), rìsíìtì, ímeèlì ìjẹ́rìí, ìdáhùn yín sí ìbéèrè ìdáwópadà, àti ọjọ́ tí owó padà dé. Ẹ wá dúró de owó títà àkọ́kọ́ mìíràn kí ó wọ àkáǹtì dọ̀mù. Títí tí ẹ ó fi rí i níbẹ̀, pẹ̀lú orúkọ yín láìsí àṣìṣe, ẹ má ná kọ́bọ̀ lórí ìpolówó.